Ẹfun Lórí Ìborùn Rábì

Ká ní Àǹtí Morẹ́nikẹ́ kì í ṣe ahun ni, Hikmat kì bá tí mọ Ifáwálé.

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí wà ní Bẹẹrẹ, níbi téèyàn ti lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa wo Gbọ̀ngàn Mápó lókè téńté. Àbúrò bàbá Hikmat ni, òun ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ aránṣọ. Èèyàn gidi ni o, àmọ́ tó bá di pé kí nǹkan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á di ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ tí óìlì máṣíìnì tán, ó rántí pé òróró ọbẹ̀ ṣì kù nínú kẹ́ẹ̀gì nílé, ó sì bù ú wá. Ó ní epo kúkú ni gbogbo wọn. Máṣíìnì gbà á fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, òróró dì, eruku àti ìdọ̀tí òwú lẹ̀ mọ́ ọn, wíìlì kọ̀, kò yí síwájú, kò yí sẹ́yìn.

Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe ní Oríta-mẹ́rin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká, ó ga, kò sì lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ó tú ikùn máṣíìnì, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé ìka náà sí imú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ibí," ó ní, "ta ló fẹ́ dín dòdò nínú máṣíìnì yìí?"

Àǹtí Morẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí kò sọnù lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀rín gbé Hikmat lọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì gbójú sókè wò ó. Kò tètè gbé ojú náà kúrò.

Kẹrosíìnì ló fi wẹ gbogbo inú máṣíìnì náà. Bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ó ń dọ́gbọ́n kọjú sí Hikmat bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àǹtí ló ni ṣọ́ọ̀bù.

"Abẹ́ eyín tó ń fa aṣọ yìí, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a bí ẹ bá ti parí iṣẹ́ ńlá. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ o, èémí èèyàn lómi nínú, ìpẹtà ló ń fà. Abẹ́rẹ́ tó bá ti ń ta aṣọ pó-pó ti kú nìyẹn, ẹ yọ ọ́ sọnù. Bí ẹ bá sì ti epo sí i tán, àkísà ni kí ẹ kọ́kọ́ rán. Ẹ má kọ́kọ́ gbé aṣọ gidi sábẹ́ rẹ̀, torí epo tó bá kù níbẹ̀ máa ń kán."

"A ti gbọ́, bọ̀dá," ni Hikmat wí.

Ìgbà tó ń palẹ̀ mọ́ ló rí aṣọ ìbora kan lórí àga. Àjákù aṣọ oníbàárà ni Hikmat gé, tó tò, tó rán pọ̀, tó fi òwú sí àárín, tó wá fi aṣọ mìíràn bo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àbùlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn," ni Àǹtí wí. "Gbogbo èèyàn ń rán búbà, tèmi ń rán àbùlẹ̀."

Ifáwálé, bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe ń jẹ́ nìyẹn, gbé aṣọ náà. Ó yẹ iwájú aṣọ náà wò, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bí iwájú," ó ní.

Bí ẹ bá mọ aránṣọ, ẹ mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó ju ìyẹn lọ. Gbogbo ayé ló ń wo iwájú aṣọ. Inú Hikmat dùn débi pé ó gbàgbé láti dúpẹ́, nígbà tó fi máa rántí, ọmọkùnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Oríta-mẹ́rin.

Láti ọjọ́ náà, Ifáwálé kò yé wá yẹ máṣíìnì wò. Máṣíìnì ò ṣàìsàn, dókítà ò dẹ́kun ìbẹ̀wò. Nígbà tó yá, Hikmat kò pè é ní bọ̀dá mọ́, "ẹ" sì di "o" lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí gbọ́ ọ, ó fi ṣẹ́ẹ́tì bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ló ń da Hikmat láàmú. Orúkọ ọkùnrin náà ni. Ilé Alhaji Fàsásì bàbá rẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnká ni wọ́n ti tọ́ Hikmat dàgbà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń mọ ìrun kí wọ́n tó mọ ilé ẹ̀gbọ́n wọn. Báwo ló ṣe máa dúró níwájú bàbá rẹ̀ kó pe Ifáwálé?

*

Nígbà tí òjò ọdún náà ń kásẹ̀ nílẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Jemima wọ ṣọ́ọ̀bù wá. Ó ń ṣètò ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní Mápó, ó sì ti gbọ́ nípa àbùlẹ̀ Hikmat.

"Kúìtì ni wọ́n ń pe èyí nílùú òyìnbó," ó ní. "Ara ògiri ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ṣé o lè ṣe ọ̀kan tó máa kún ògiri fún mi?"

Hikmat ní òun lè ṣe é. Ó ti mọ aṣọ tí òun máa fi ṣe é. Nígbà tí Rábì ìyá rẹ̀ kú, ẹbí pín aṣọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe. Àwọn léèsì àti àrán bá àwọn ìyá lọ. Èyí tó gbó tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni Hikmat ṣà jọ: ìró ilé, àdìrẹ Ìbàdàndùn tí wọ́n ya òpó Mápó sí, àti ìborùn búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi ń kírun. Kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ mọ̀ pé òun fẹ́ ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ Rábì, àárò rẹ̀ ṣì ń sọ ọ́.

Jemima kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síta. "Rán ọ̀já fífẹ̀ kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, tí ọ̀pá máa gbà kọjá, kó lè rọ̀ dọ́gba. Ìṣó ò gbọdọ̀ kàn án. Má ká a pọ̀ bí ìró, yóò ní ojú ìṣẹ́po tí kò ní lọ mọ́. Yí i mọ́ ara igi bí ẹní ni. Má tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá, yóò bu. Kó o sì rán orúkọ rẹ sẹ́yìn rẹ̀."

"Orúkọ mi?"

"Kí lo rò? Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tí kò fi orúkọ sí i, ẹlòmíì á fi tiẹ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí náà ló gbé Àǹtí Morẹ́nikẹ́ lọ sí Bẹ́yẹrúnká nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Òun ni alárinà, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹní, ó ń fi ọwọ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, àwo àkàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí Alhaji Fàsásì mọ̀ láti kékeré nìyẹn. Ó máa ń fọ́nnu pé láti ìgbà tí òun ti di ọ̀gá, oníbàárà kankan ò rí àbàwọ́n lára aṣọ òun rí.

"Bọ̀dá mi, Hikmat ti rí ẹni tó fẹ́."

"Alhamdulillahi. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ olóògbé Fágbèmí ni, lẹ́yìn Ọjà'ba. Ìyá rẹ̀ ló ń ta ẹfun àti osùn lọ́jà. Ifáwálé lorúkọ rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Alhaji. "Ifá-kí-ni?"

"Ifáwálé. Àmọ́ ó ń kírun o! Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, Alhaji Abdulmajeed, ló gbé dàgbà. Ibẹ̀ ló ti gba ẹ̀sìn."

"Ó ń kírun, ó ń jẹ́ Ifáwálé. Morẹ́nikẹ́, ṣé o ti rí ewúrẹ́ tó ń gbó rí?"

"Ọ̀nà kan ò wọjà, bọ̀dá mi."

"Èyí tó bá gba ojúbọ kọjá, ọmọ mi ò ní rìn ín." Alhaji mú àkàrà kan, ó bù ú jẹ. "Bó bá fẹ́ ọmọ mi lóòótọ́, kó pa orúkọ yẹn rẹ́, kó sì yẹra fún ilé ìyá rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó lọ fẹ́ ọmọ ẹni tó ń jẹ́ Ifá bíi tiẹ̀."

*

Hikmat jíṣẹ́ náà fún Ifáwálé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Àǹtí lọ sí Ògùnpa lọ ra òwú. Ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ta ni kì í yí orúkọ padà?

"Mo gbọ́," ni Ifáwálé wí.

"O gbọ́, kí lo wá sọ?"

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, Hikmat. Bàbá mi ò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kò fi ilé sílẹ̀. Orúkọ yìí nìkan ló kù lọ́wọ́ mi tó jẹ́ tiẹ̀. Mo ti ń fi í kírun láti kékeré, Ọlọ́run ò sì bi mí rí pé kí ló dé tí mò ń jẹ́ ẹ."

"Èmi ńkọ́? Ṣé orúkọ jù mí lọ ni?"

"Bí mo bá lè ju orúkọ bàbá mi nù torí rẹ lónìí, ta ló mọ ohun tí n ó tún jù nù lọ́la?" Ó na ọwọ́ sí àwọn àjákù aṣọ Rábì lórí tábìlì. "Ìwọ tó ń ṣa aṣọ ìyá rẹ jọ, ìwọ ló yẹ kó yé jù."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Inú bí Hikmat. Ohun tó sì bí i nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, kó má bàa sunkún. Kò kù ju etí kan lọ kó parí. Máṣíìnì ń dún jíkí-jíkí, ó mọ̀ pé epo ló ń béèrè, ó kán óìlì sí i lọ́tùn-ún lósì, ó tún kán an sí i, bíi pé máṣíìnì ló ṣẹ̀ ẹ́. Kò mú àkísà. Kò gbá abẹ́ rẹ̀. Ó gbé kúìtì sí i, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn.

Epo dúdú kán, ó sì tàn sára ìborùn búlúù náà.

Hikmat gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Nínú gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, ìborùn yìí nìkan ló ṣì ń rùn bíi rẹ̀, bí a bá fi imú kàn án dáadáa. Ó ti ba orúkọ ọkọ jẹ́ lẹ́nu, ó wá ba aṣọ ìyá jẹ́ lọ́wọ́. Ó gbé orí lé máṣíìnì, ó sunkún tí kò fẹ́ sun.

Bí Àǹtí ṣe bá a nìyẹn. Wọn ò lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, òwú inú rẹ̀ á sù, aró àdìrẹ á sì ṣàn bo gbogbo rẹ̀. Àǹtí mú fóònù. Ẹni tó ń pè, kò sọ.

*

Ifáwálé kò dá wá. Ìyá rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, Ìyá Ọ̀ṣúnwùmí, aṣọ funfun lára, ìlẹ̀kẹ̀ idẹ lọ́rùn, igbá kékeré lọ́wọ́. Hikmat kò tíì rí i rí. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ṣé ọmọ tó ń rán àbùlẹ̀ náà nìyí?" ni obìnrin náà wí. "Mo ti ń bi Ifáwálé pé, ọmọ Alhaji, kí ló dé tó ń rán àbùlẹ̀? Ṣé aṣọ tán nílé wọn ni?"

Ó wá sún mọ́ tábìlì. Ó wo òpó Mápó nínú àdìrẹ, ó sì wo bí àwọ̀ kan ṣe ń gba ọ̀nà fún òmíràn.

"Àbùlẹ̀ kọ́ nìyí," ó ní. "Ẹ má bínú."

Ó ṣí igbá rẹ̀. Ẹfun ló wà nínú rẹ̀. Ó rún un láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi kúná lẹ́búlẹ́bú, ó sì ń wọ́n ọn sórí epo náà díẹ̀díẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ra á. Ẹfun ni yóò fa epo mu. Bó bá di òwúrọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n." Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọnà kékeré tó wà létí ìborùn náà. "Ta ló ni ìborùn yìí tẹ́lẹ̀?"

Hikmat kò tíì la ẹnu tí òjìji kan fi bo ẹnu ọ̀nà. Alhaji Fàsásì ni. Ó ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun àsárì, ó ní kí òun yà kí àbúrò òun. Ó rí obìnrin onífunfun. Ó rí ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá rí ohun tó wọ́n ọn lé.

"Àsìtàgífírúlà! Ìborùn Rábì! Aṣọ tó fi ń forí balẹ̀ fún Ọlọ́run, ẹ gé e, ẹ tún wá fi bọ òrìṣà! Morẹ́nikẹ́, ṣé ìṣojú rẹ náà lèyí ti ń ṣẹlẹ̀? Hikmat, ṣé ohun tí ìfẹ́ sọ ọ́ dà nìyí?"

Ẹ má bá Alhaji wí. Nínú Ìbàdàn wa yìí, ta ni yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí yóò rò pé epo ló ń yọ? Àǹtí gbé ọwọ́ lérí. Ifáwálé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì.

Ìyá Ọ̀ṣúnwùmí nìkan ni kò mira. "Alhaji, ẹ kú ìrìn o. Kò sẹ́ni tó ń bọ nǹkan kan níbí. Epo máṣíìnì ni mò ń yọ. Ìyàwó yín ló kọ́ mi."

"Ìyàwó ta ni?"

"Rábì. Ṣé Rábì oníborùn búlúù kọ́ ni? Oníbàárà mi ni l'Ọ́jà'ba. Ẹfun ló máa ń rà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, ìwọ tó jẹ́ Mùsùlùmí, kí lò ń fi ẹfun ṣe? Ẹ̀rín pa á. Ó ní, 'Ìyá, ọkọ mi ò lè ṣiṣẹ́ láìjẹ àkàrà. Bó bá ti jẹ àkàrà, á fi ọwọ́ kan náà di agbádá oníbàárà mú. Ẹfun ni mo fi ń yọ ọ́ kó tó jí.' Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni o, pé ọkọ òun ń fọ́nnu pé aṣọ òun kì í ní àbàwọ́n, kí n má bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Hikmat rántí. Gbogbo ìgbà tí agbádá bá délé, ìyá rẹ̀ á gbé e wọ yàrá, á ní òun fẹ́ ká a.

Alhaji wá ibi jókòó. "Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sì sọ ọ́. Ó fẹ́ràn yín."

Ojú Alhaji pọ́n. Ó dìde, ó fẹ́ fọwọ́ kan ìborùn náà, ó wo ìka ara rẹ̀, ó fà á padà, ó kọ́kọ́ nu ún mọ́ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ló tó fi ìka kan kan etí rẹ̀, níbi tí ẹfun ò dé.

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ," ó ní, ó sì jáde. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

*

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, kúìtì náà rọ̀ dọ́gba lára ògiri ní Gbọ̀ngàn Mápó, ọ̀pá la ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá bí Jemima ṣe wí. Òpó inú àdìrẹ ń wo òpó tòótọ́. Epo ti lọ pátápátá. Hikmat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn ń kí i kú iṣẹ́, ó ń dúpẹ́, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ifáwálé wà lápá kejì gbọ̀ngàn náà, ó ń di àkàsọ̀ mú fún àwọn tó ń gbé àwòrán kọ́. Láti ọjọ́ ẹfun, wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ gidi.

Hikmat rìn lọ bá a. "Má yí i padà," ó ní.

"Kí ni?"

"Orúkọ rẹ. Bí Bàbá bá gbà, ó gbà. Bí kò bá gbà, n ó dúró. Àmọ́ má yí i padà torí mi."

Ifáwálé ń wò ó bó ṣe wò ó lọ́jọ́ òróró ọbẹ̀. Wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúìtì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ọwọ́ èèyàn lóróró nínú, ẹ kàn máa fi ojú wò ó!"

Alhaji Fàsásì ni, nínú agbádá etù, ó dúró ti aṣọ ìyàwó rẹ̀ bí ọlọ́dẹ. Ìyá Ọ̀ṣúnwùmí jókòó lórí àga nítòsí, ó ń mi orí.

"Ifáwálé!" ni Alhaji pè. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pe orúkọ náà tán nìyẹn. Ọmọkùnrin náà sáré dé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Kí àwọn ẹbí rẹ wá rí mi lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Àlùfáà ni yóò so yìgì o, ọtí ò sì gbọdọ̀ wọ ilé mi."

"Bọ̀dá mi," ni Àǹtí Morẹ́nikẹ́ wí, "orúkọ yẹn ńkọ́?"

"Orúkọ wo? Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni mo pè é yìí?" Alhaji wo kúìtì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá rọra fa Ifáwálé sún mọ́ra, ó gbé apá agbádá rẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè rí abẹ́ rẹ̀. Epo àkàrà ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

"Kí ìyá rẹ mú ẹfun dání bí ẹ bá ń bọ̀," ó ní jẹ́jẹ́. "Ẹni tó ń bá mi yọ ọ́ kò sí mọ́."